Ẹni Tó Pe Èrò, Òun Ni Kó Wá Àyè Ọkọ̀

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ojú títì Èkó á yí padà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé London, Houston àti Toronto á ti balẹ̀, àwọn àlejò láti Gánà àti South Africa á bá wọn dé, gbogbo wọn á sì kọrí sí ọ̀nà kan náà: Victoria Island, Ìkòyí àti Lẹ́kkí. Ibẹ̀ ni gbọ̀ngán eré wà, ibẹ̀ ni etíkun wà. Ẹni tó bá kúrò ní Ìkẹjà ní aago mẹ́wàá alẹ́ lè sáré já Third Mainland Bridge láìfẹsẹ̀ kọ, kó wá jókòó sójú kan fún wákàtí méjì láàárín Ọbaléńdé àti Lẹ́kkí.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé ọ̀nà ò tó. Òótọ́ wà níbẹ̀. Afárá mẹ́ta péré ló so Mainland mọ́ Island: Carter Bridge, Eko Bridge àti Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990. Èyí tí wọ́n ṣí láàárín Lẹ́kkí àti Ìkòyí ní 2013 dín ìnira kù díẹ̀. Afárá kẹrin sí Mainland ti wà lẹ́nu ìjọba fún ohun tó lé ní ogún ọdún, wọn ò tíì kọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo òru oṣù Kejìlá á rí i pé àìsí afárá kọ́ ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà náà.

Kí onítọ̀hún lọ dúró ní Ozumba Mbadiwe lálẹ́ ọjọ́ tí olórin ńlá bá ń ṣeré. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ á gun etí títì. Ìkejì á dúró tì í. Ọmọkùnrin kan á sáré jáde, á máa juwọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ sọ́tùn-ún, ó ti wọlé!” Á gbowó, á tún sáré lọ pe ẹlòmíràn. Kó tó di aago mọ́kànlá, ọ̀nà tó ń gba ọkọ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti di ti ọkọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn awakọ̀ Uber àti Bolt á dúró sáàárín títì, wọ́n ń retí èrò tí kò tíì jáde. Ẹni tí sùúrù rẹ̀ bá tán á gba wọnwé, á pàdé ẹlòmíràn lójú kojú, kò sí èyí tó máa gbà láti padà sẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì. Google Maps á wá máa darí àlejò gba inú ẹ́sítéètì tí wọ́n ti ti géètì rẹ̀ pa. Òṣìṣẹ́ LASTMA kan ṣoṣo tó ń darí ọkọ̀ níkòríta, kí ló fẹ́ ṣe sí i? Nọ́ọ̀sì tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wà nínú ìdílọ́wọ́ náà, aláìsàn tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti Ajáh náà wà níbẹ̀, wọn kò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì eré kankan.

Ẹni tó tiẹ̀ fẹ́ fi mọ́tò rẹ̀ sílé kò rí nǹkan tó máa wọ̀. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023, láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n Marina ló parí sí, kò kọjá sí Victoria Island, kì í sì í rìn lóru. Ọkọ̀ ojú omi, òfin ò gbà á láyè lálẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀mí. Ọ̀kadà, wọ́n ti fòfin dè é ní Ẹtí-Ọ̀sà láti 2022. Aago mẹ́ta òru ni olórin ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé. Kí ni ará Súrùlérè fẹ́ wọ̀ délé?

Èkó kì í ṣe ìlú tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀nà ṣe fún èrò. Bí Ẹ̀yọ̀ bá fẹ́ jáde, wọ́n á ti ọ̀nà pa láti ìdí Carter Bridge dé Tinubu Square. Olóyè ń fẹsẹ̀ rìn, àlejò ń fẹsẹ̀ rìn, ọdún sì ń dùn.

Àwọn kan á sọ pé tí ìjọba bá ń le jù mọ́ àwọn tó ń ṣètò eré, ọjà á bàjẹ́, pé oṣù Kejìlá ni télọ̀, onídìrí àti alásè ń rówó ọdún. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó lo wákàtí mẹ́ta nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò ná kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ alásè kankan.

Àwọn tó ń pa owó ńlá lórí èrò náà ló yẹ kó gbé ẹrù yìí. Lagos State Safety Commission ló ń fún àwọn tó fẹ́ ṣe àpéjọ ńlá níwèé àṣẹ. Kí wọ́n fi ìbéèrè méjì kún un: ibo ni ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ máa wà, bọ́ọ̀sì wo ló sì máa kó wọn lọ sí Mainland lẹ́yìn eré? Kí onígbọ̀ngán háyà pápá, kí owó bọ́ọ̀sì wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì, kí bọ́ọ̀sì ìjọba máa ná Tafawa Balewa Square (TBS) sí Victoria Island títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn, kí wọ́n má fún un níwèé. Kí wọ́n sì bi í kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì, torí bí owó bá ti wọ àpò rẹ̀ tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù.