Ọgbà Ọ̀fẹ́ Ni, Àmọ́ Àwọn Kan Ti Sanwó Ẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín tẹ́ ẹ wà nílé lẹ rò pé èèyàn ò lè gbádùn ohunkóhun ní New York tí kò bá ní dọ́là lápò. Irọ́ ni. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nílùú yẹn, ẹnì kankan ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó wọbẹ̀. Central Park ni mò ń wí, ọgbà ńlá tó wà láàárín Manhattan, éékà 843 ni ilẹ̀ ẹ̀. Láti 59th Street ló ti bẹ̀rẹ̀, ó di 110th Street kó tó parí.

Ẹ má rò pé ojú ẹsẹ̀ tí mo dé Amẹ́ríkà ni mo ti mọ adùn ẹ̀ o. Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe nígbà yẹn, mò ń tọ́jú arúgbó lóru, mò ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lọ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà yẹn kọjá, oorun ni mo máa ń sùn. Àfìgbà tí dókítà wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, tó ní kí n máa fẹsẹ̀ rìn bí mi ò bá fẹ́ kí wọ́n fi àpótí gbé mi wálé. Ọjọ́ kejì ni mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Oṣù kìíní ọdún ni, òtútù ń géni létí. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, ó funfun báláú. Igi ò ní ewé kan ṣoṣo lórí, mo ní wọ́n ti kú nìyẹn. Àwọn kan ń fi bàtà onírin sáré lórí omi dídì níbi tí wọ́n ń pè ní Wollman Rink. Èmi wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì lé súwẹ́tà, mo ṣì ń gbọ̀n. Kò pẹ́ tí mo sá wọlé.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, àwọn igi tí mo pè lókùú ni wọ́n yọ òdòdó, òmíràn funfun, òmíràn pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ báyìí, òdòdó á máa já lé èèyàn lórí bí owó tí wọ́n ń ná fún ìyàwó lójú agbo. Èmi tí mò ń rìn nítorí dókítà, mi ò mọ̀gbà tí wákàtí méjì lọ.

Ìgbà ooru ló wá pabanbarì. Ní Sheep Meadow, pápá tí àgùntàn ti ń jẹko títí di 1934, èèyàn á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, á sùn gbalaja. Ohun táwọn mìíràn wọ̀ sára, ẹ má bi mí léèrè, ìyàwó mi ń ka ìwé ìròyìn yìí. Láti 1962 ni wọ́n sì ti ń ṣeré Shakespeare ní tíátà Delacorte, ọ̀fẹ́ náà ni, àmọ́ ẹ máa tò. Mo tò lọ́jọ́ kan, mi ò gbọ́ ju ìdajì èdè ọ̀hún lọ, síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹwàá ni ewé máa ń pọ́n bí ìyeyè kó tó já. Ìgbà yẹn ni mò ń rìn lọ lápá ìwọ̀ oòrùn, láàárín 82nd Street sí 89th, ni mo bá rí pátákó kan. Àṣé abúlé àwọn èèyàn dúdú ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Seneca Village lorúkọ ẹ̀. Ní 1825 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ralẹ̀ níbẹ̀, ó ku ọdún méjì kí wọ́n fòpin sí ìsìnrú ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti ilé ìwé. Ilẹ̀ yẹn kì í sì í ṣe ilẹ̀ lásán, torí ọkùnrin dúdú tí ohun ìní ẹ̀ ò bá tó 250 dọ́là, kò gbọ́dọ̀ dìbò. Ní 1855, èèyàn bíi 225 ló ń gbébẹ̀, dúdú ló pọ̀ jù, àwọn ará Ireland náà wà níbẹ̀. Ni ìjọba bá ní àwọn fẹ́ ṣe ọgbà. Wọ́n san owó fáwọn onílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ní owó náà ò tó. Kí 1857 tó parí, gbogbo wọn ti kó jáde.

Ọgbà tí mò ń pè ní ọ̀fẹ́ láti àárọ̀! Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Mi ò torí ẹ̀ kọ ọgbà náà sílẹ̀ o. Àní ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń sinmi báyìí, ẹ̀jẹ̀ ríru mi sì ti wálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa takisí ní Bronx, ọdún 11 ló ti lò nílùú yẹn, kò tíì wọ ọgbà náà rí, ó ní òun ò ráyè. Mo ti sọ fún un pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí, tó bá máa jà ká jà, èmi ni màá fà á wọbẹ̀.