Oòrùn Sèmè Kò Jẹ̀bi

Bí láptọ́ọ̀pù bá gbóná janjan tó sì kú mọ́ni lọ́wọ́ ní Sèmè-Kpodji, ní Benin níbí, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń nàka sí: oòrùn. "Ilẹ̀ ibí ló gbóná jù." "Ẹ̀rọ òyìnbó ni, kò lè fara da ooru wa." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà lẹ́bàá títì tó ti Kútọnu lọ sí Àjàṣẹ́, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu aláàtúnṣe tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn kò lẹ́nu tó lè fi rojọ́, la ṣe ń di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Mo fẹ́ bá a rojọ́ lónìí, kí n sì ka ẹ̀sùn sí àwọn tó tọ́ sí lẹ́sẹ̀. Èmi náà wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ooru ti ń wá. Ṣájà tó pọ̀ jù láàárín wa jẹ́ ti 65 wáàtì. Ẹni tó bá ti ṣèèṣì fọwọ́ kan gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì nígbà tó ń tàn mọ ohun tó fojú rí. Bí iná bá ti wọ inú láptọ́ọ̀pù, yálà lẹ́tà la fi kọ tàbí fíìmù la fi wò, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń di ooru nígbẹ̀yìn, ara ègé kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n ń pè ní pùrósẹ́sọ̀, ni èyí tó pọ̀ jù sì ti ń jáde. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe gbé ọ̀pá bàbà lé e lórí. Ọ̀pá yẹn ń gbé ooru lọ sí etí ẹ̀rọ, níbi tí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ti tò bí eyín òòyà, fáànù kékeré kan á sì máa fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn kọjá. Atẹ́gùn tútù ń gba abẹ́ wọlé, èyí tó gbóná ń gba ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn jáde. Kò sí awo kankan níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ pùrósẹ́sọ̀ ni wọ́n ṣe kó lè fara da ooru tó nǹkan bí 100°C. Bó bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, ìyẹn lẹ ṣe ń rí i tí ohun tí ẹ ń tẹ̀ á máa wọ́ bí ìgbín. Bí ooru kò bá rọlẹ̀, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ẹ wá bá mi ṣírò. Ọ́fíìsì kan wà nílùú òyìnbó tí ooru inú rẹ̀ jẹ́ 22°C. Yàrá kan wà ní Èkpè, nínú Sèmè níbí, tí tirẹ̀ jẹ́ 32°C. 10°C ló fi ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ tó ń mú pùrósẹ́sọ̀ dé 70°C lọ́hùn-ún á mú un dé nǹkan bí 80°C níbí. Ó ṣì ku 20°C kó tó kan òkè. Mẹ́wàá péré ni oòrùn Sèmè bù lé e. Ta ló bu ogún yòókù?

Ẹ̀sùn kìíní: àwa tí à ń gbé láptọ́ọ̀pù lé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mọ bó ṣe ń rí lálẹ́. Páànù orí ilé ṣì ń tú ooru tó mu láti ọ̀sán sílẹ̀, ẹ̀fọn kò jẹ́ ká jókòó síta, ni a ó bá da ojú bolẹ̀ lórí mátírẹ́ẹ̀sì, a ó gbé ẹ̀rọ lé ìrọ̀rí, a ó fi fíìmù sí i. Ìrọ̀rí á fara mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ, á dí gbogbo ihò tó fi ń mí. Fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwa náà á yí ohùn fíìmù sókè kí a má baà gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹni tó di imú ọmọ mú tó tún ń sọ pé ooru ló ń yọ ọmọ lẹ́nu, ẹjọ́ wo ló fẹ́ rí rò? Pákó pẹlẹbẹ kan tó, àwo tí a fi ń gbé oúnjẹ pàápàá tó. Ìdérí ìgò méjì lábẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ lórí tábìlì, owó kékeré kan kò sí níbẹ̀, atẹ́gùn á sì ráyè wọlé.

Àwọn mìíràn ń gbé e lé itan. Ní ọdún 2005, àwọn oníṣègùn kan ní ìpínlẹ̀ New York gbé láptọ́ọ̀pù lé itan ọkùnrin 29 fún wákàtí kan, wọ́n sì rí i pé ooru àpò ẹpọ̀n wọn fi ohun tó ju 2.5°C lọ sókè, ooru sì wà lára ohun tó ń ba àtọ̀ jẹ́. Ní 2010, ìwé ìròyìn ìṣègùn àwọn ọmọdé, Pediatrics, ròyìn ọmọ ọdún 12 kan tí awọ itan rẹ̀ ṣe àmì bí ẹni tí iná yá fún oṣù pípẹ́, nítorí pé orí itan ló ń gbé ẹ̀rọ lé ṣeré lójoojúmọ́. Swítsálándì lọ́hùn-ún ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Bóyá oòrùn Sèmè ló tún jẹ̀bi ìyẹn náà?

Mo fi ti àpò kún un. A ó pa ìdérí dé, a ó rò pé ẹ̀rọ ti sùn, a ó sọ ọ́ sínú àpò ẹ̀yìn, a ó gun zém, ọ̀kadà akérò wa, láti Kútọnu wá sílé. Pípa ìdérí dé kì í fìgbà gbogbo pa ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn àpò yẹn, tí kò sí ibi tí ooru rẹ̀ lè gbà jáde. Ẹ pa á pátápátá kí ẹ tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ̀sùn kejì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí mo fojú mi rí i. Tábìlì aláàtúnṣe kan ni, lábẹ́ igi àgbọn, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ yanrìn mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní bí òun bá ti ń kọ mémoire, ìwé àṣekágbá òun, lọ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀rọ á kú fin, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí òun gbé ìwé náà síwájú àwọn olùkọ́. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ooru ibí ni, pé àfi kí n ra ẹ̀rọ amúlétutù." Aláàtúnṣe kò dá a lóhùn. Ó dojú ẹ̀rọ bolẹ̀, ó tú ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí abẹ́ rẹ̀.

Láàárín fáànù àti àwọn irin bí eyín òòyà yẹn, mo rí nǹkan kan tó dà bí aṣọ. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ni, òun àti irun orí, òwú ara aṣọ ìbora, àti yanrìn kíkúnná etí òkun, gbogbo wọn ti di odindi kan. Aláàtúnṣe fi ẹ̀mú gbá a létí mú, ó sì gbé e sókè láìjá, bí ìgbà tí a bá ń ká awọ orí ògì tó ti tutù. Ó nà án sí ọmọbìnrin náà. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń lo ẹ̀rọ yẹn, ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí.

Ó ku apá kejì. Láàárín pùrósẹ́sọ̀ àti ọ̀pá bàbà, wọ́n máa ń fi nǹkan kan sí i tó rọ̀ bí ọṣẹ ìfọyín, tí àwọn aláàtúnṣe wa ń pè ní pâte thermique. Òun ló ń mú kí ooru ráyè kọjá láti ara ìkan sí ìkejì. Ti ẹ̀rọ yìí ti gbẹ, ó ti sán, ó ń rú bí ẹfun nígbà tó ń ha á kúrò. Ó nu ojú rẹ̀ mọ́, ó kán òmíràn sí i, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó fi bùrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku tó kù, ó sì fi ìka di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú nígbà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kó má baà sáré ju bó ṣe yẹ lọ kó sì bàjẹ́. Ó dè é padà, ó tàn án, ó ní kí ọmọbìnrin náà jókòó kọ̀wé rẹ̀ níbẹ̀. Wákàtí kan kọjá. Mo fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀rọ, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

A kò mú ẹ̀rọ amúlétutù wá. Oòrùn kò kúrò níbi tó wà. Ẹ̀sùn mi lórí àwa tó ni ẹ̀rọ ni pé oní-zém tó kọjá níwájú wa lọ́jọ́ náà mọ ọjọ́ tó yẹ kó pààrọ̀ ọ́ìlì ọ̀kadà rẹ̀, àwa tí a kàwé kò mọ̀ pé ohun tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú ń fa eruku pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kò pọ̀ jù fún ẹni tó ń gbé etí òkun bíi tiwa: kí ọyẹ́ tó dé, àti lẹ́yìn tó bá lọ. Ẹ pààrọ̀ pâte náà lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ náà kì í ṣeré, ó máa ń mú kí bàbà ṣe ìpáta aláwọ̀ ewé.

Kì í ṣe gbogbo aláàtúnṣe ló dà bí èyí tí mo rí yẹn. Ẹ̀sùn kẹta kan àwọn tó ń gba owó fífọ ẹ̀rọ tí wọn kì í ṣí i: wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ihò rẹ̀ láti ìta, eruku á tún wọlé síwájú sí i, wọ́n á ní "ó ti parí." Ó kan àwọn tó ń fi ọṣẹ ìfọyín gan-an dípò pâte. Ó máa ń dára fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á gbẹ, ooru á sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sì kan ẹni tó já wáyà fáànù ẹ̀rọ tèmi, nígbà tí mo ní ariwo rẹ̀ ń dà mí láàmú. Ariwo náà lọ lóòótọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé e.

Ẹ̀sùn kẹrin dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó tòkúnbọ̀ wá. Ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì kan nílùú òyìnbó lò fún ọdún márùn-ún, tí wọ́n wá gbé jù síta, ni wọ́n ń nu ojú rẹ̀ títí á fi máa dán, inú rẹ̀ kò rí omi ìwẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti gbó. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun: ní 2011, àwọn tó ń mójú tó Àdéhùn Basel, èyí tó wà lórí kíkó pàǹtírí olóró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ṣe ìwádìí lórí àlòkù ẹ̀rọ iná tó ń wọ orílẹ̀-èdè márùn-ún ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Benin sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú Nàìjíríà, Gánà, Làìbéríà àti Côte d'Ivoire. Àdéhùn Bamako, tí àwọn ìjọba Áfíríkà fọwọ́ sí ní 1991, ka gbígbé pàǹtírí olóró wọ ilẹ̀ wa sí ẹ̀ṣẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, Àdéhùn Basel sọ pé orílẹ̀-èdè tó fẹ́ kó pàǹtírí ẹ̀rọ iná ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ èyí tó fẹ́ kó o lọ. Kí ẹ tó sanwó tòkúnbọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fọwọ́ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń sọ ọ́ di pẹlẹbẹ lọ́dọọdún, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ṣí i á dà bí ẹni tó fẹ́ jalè. Ní Faransé, láti oṣù kìíní 2021 ni òfin ti ní kí wọ́n fi máàkì hàn lórí láptọ́ọ̀pù tuntun, kí ẹni tó ń rà á lè mọ̀ bóyá ó rọrùn láti tún ṣe. Ara pẹpẹ ìtajà ni máàkì yẹn máa ń wà. Kì í bá ẹ̀rọ wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa.

Èyí tó wúwo jù lọ ni mo fi sẹ́yìn, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó bá rí bátìrì tó wú tó ṣì ń lò ó. Ooru ló ń sọ bátìrì lithium di arúgbó, á máa kó gáàsì sínú, á wú, á gbé pátákó ìtẹ̀wé sókè tàbí kó mú kí ìdérí má lè pa dé mọ́. A ó tẹ̀ ẹ́ padà, a ó fi gọ́ọ̀mù dì í. Ní 2006, Dell pe bátìrì mílíọ̀nù 4.1 tí Sony ṣe padà, torí pé wọ́n lè gbóná kí wọ́n sì gbiná. Nínú ilé wo ni àwa wá ń lo tiwa? Nínú yàrá tí àgbá kpayo, epo fàyàwọ́, wà ní kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ sí gbiná ní Kraké, nínú Sèmè-Kpodji tiwa yìí. Ó lé ní 30 ènìyàn tó kú, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Láptọ́ọ̀pù kọ́ ló fà á. Ibi tí wọ́n ti ń já àpò epo ni wọ́n ní iná ti ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí iná ọjọ́ yẹn kò tún gbọdọ̀ ki ṣájà bọ iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo mọ́. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná, ẹ má gún un, ẹ má sọ ọ́ sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ. Èyí tí kò tíì wú, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ yín lè dá gbígba iná dúró ní 80 nínú 100. Ọ̀pọ̀ wọn ló lè ṣe é, á sì jẹ́ kó pẹ́.

Oṣù kejìlá ni ọyẹ́ máa ń dé. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ sọ́dọ̀ aláàtúnṣe ṣáájú rẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ má sì dìde títí yóò fi ṣí abẹ́ rẹ̀ lójú yín.