Ẹni Tó Sanwó Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Mú

Lẹ́yìn ìdánwò àbáwọlé yunifásítì tí àjọ JAMB ṣe ní ọdún 2025, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tó fi ẹ̀rọ ṣe màgòmágó wò. Ohun tí wọ́n rí ti kọjá ká jíwèé wò. Ó lé ní ìgbà 4,000 tí wọ́n ti da àmì ìka ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ ti ọmọ tó forúkọ sílẹ̀, kí ẹni tí wọ́n háyà lè ráyè wọlé bá a ṣe ìdánwò. Wọ́n rí fọ́tò tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà po ojú ènìyàn méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Wọ́n rí àwọn tó ju 1,800 lọ tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àfín ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe àfín. Ọmọ ọdún 16 kò ní owó irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, kò sì mọ ilé ẹni tó ń ṣe é. Àgbàlagbà kan ló lọ bá àgbàlagbà mìíràn, tó ka owó lé e lọ́wọ́. Àgbàlagbà tó kawó yẹn ni mo ń bá wí.

Mo sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀: òbí tó bá ra máàkì fún ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ọ̀daràn ni. Ẹ má sọ fún mi pé ìfẹ́ ọmọ ló sún un ṣe é. Bí JAMB bá fagi lé èsì ọmọ náà, ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́pàá tó bi ọmọ ní ìbéèrè kan, ẹni tó sanwó ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Òfin tó lòdì sí màgòmágó ìdánwò ti wà nílẹ̀ láti 1999, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Òun la fi ń dẹ́rù ba ọmọdé lọ́dọọdún. Ó tó àkókò kí àgbà náà mọ̀ pé ó kan òun.

Mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tà á. Ọkùnrin kan tó ní ilé tí wọ́n ti ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò ló ń bá ìyá ọmọ kan sọ̀rọ̀ níṣojú mi. "Mọ́mì, ẹ fọkàn yín balẹ̀. Kó ṣáà ti wá jókòó ni." Ó ní iye tí máàkì 280 ń lọ yàtọ̀ sí iye tí 320 ń lọ. Ti WAEC wà lọ́tọ̀, wọn yóò gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé kan lẹ́yìn ìlú tí kò ti sí ẹni tó máa yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyá náà ní ṣé kò ní mú wàhálà wá. "Wàhálà bíi ti báwo? Gbogbo ayé ló ń ṣe é, mọ́mì." Ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó ti ìyá rẹ̀. Ìwé Chemistry wà lórí itan rẹ̀, ó ṣì fi ìka há ojú ewé tó ń kà lọ́wọ́ kí wọ́n tó pè é. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣí báàgì tó ń kawó, ọmọ náà yọ ìka rẹ̀, ó pa ìwé dé.

Ohun tí owó yẹn sọ fún ọmọ ni pé, "Mo mọ̀ pé o ò lè dá a ṣe." Ọmọ tó bá gbọ́ èyí lẹ́nu ìyá tó bí i, bóyá ni ẹnikẹ́ni tún lè bá a yọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Ẹ lè máa pè é ní "Dókítà mi" láàárọ̀ lálẹ́, ẹ lè gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lé e lórí, ó ti mọ ohun tí ẹ rò nípa òun.

Àwọn kan á ní, "Ìdánwò àbáwọlé lásán ni. Bó bá ti wọlé tán, á kàwé." Kí ni wọ́n ń bèèrè nínú ìdánwò lásán náà? Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ń ṣe English, Biology, Chemistry àti Physics: ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. Nínú Chemistry, wọ́n á bèèrè iye èròjà tó wà nínú ìwọ̀n omi kan. Ẹ gbé ìbéèrè yẹn kan náà lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun ní agogo méjì òru. Àkóràn ti wọ ara ìkókó kan tó wọn kílò 3. Wọ́n kọ oògùn gentamicin fún un, mílígíráàmù 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Ìgò kékeré tó wà lọ́wọ́ dókítà, mílígíráàmù 80 ló wà nínú mílílítà 2 rẹ̀. Mélòó ni kó fà sínú abẹ́rẹ́? Mílílítà 0.375 ni. Bí póíǹtì náà bá yẹ̀ nípò ẹ̀ẹ̀kan péré, tó ṣí ìgò kejì kó lè fa 3.75, mílígíráàmù 150 ti wọ ara ọmọ kílò 3, oògùn yìí sì ń ba kíndìnrín àti etí jẹ́ bó bá ti pọ̀ jù. Ìyá ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí. Kò sí ẹni tó máa sọ ìdáhùn sétí dókítà náà.

Ìṣirò yẹn ni òbí ń sanwó lé lórí kí ọmọ òun má baà ṣe é. Ẹni tó san owó náà kò ní sí ní wọ́ọ̀dù lóru ọjọ́ yẹn. Ọmọ ọlọ́mọ ni yóò san ìyókù.

Ká tiẹ̀ ní ọmọ náà kò dé wọ́ọ̀dù rárá, òbí yẹn ti ba ọmọ tirẹ̀ jẹ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìdajì péré ni máàkì JAMB jẹ́ nínú ohun tí wọ́n fi ń gbani wọlé, ìdánwò tí àwọn fúnra wọn ṣe ni ìdajì kejì. Bí ọmọ bá tún rọ́nà gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà ló ń dúró dè é. Ìdánwò àkọ́kọ́ lórí ẹ̀yà ara ènìyàn àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé dáadáa jáde. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọmọ tó bá já bọ́ níbẹ̀ ti lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ojú ń tì í láti padà wálé, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sígbà tí òun tóótun.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa ń fọ̀. Wọ́n á ní ètò náà fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, nítorí pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba ìdánwò jẹ́ ní ibùdó 157 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ìlà-oòrùn gúúsù. Ó kan àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 380,000. Inú bí mi sí i nígbà náà, ó sì ń bí mi di òní. Àmọ́ kí ló mú kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe? Àwọn ọmọ àti òbí tó pariwo ni, nítorí wọ́n mọ ohun tí wọ́n kọ, ọwọ́ wọn sì mọ́. Ẹni tó ra máàkì kò lẹ́nu láti fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Bí ètò bá bàjẹ́ lóòótọ́, àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ nìkan ló lè bá a jà. Gbogbo ẹni tó bá lọ rà ti yọ ara rẹ̀ kúrò lára àwọn tó lè jà.

Àwíjàre kejì ni pé àwọn olówó ń ṣe é, bí tèmi ò bá ṣe é, àyè rẹ̀ á lọ. Ẹ gbọ́ bí àyè ṣe rí. Àjọ MDCN, tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà, ló ń pín iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà. Àyè náà kì í fẹ̀ sí i nítorí pé olówó dé. Nínú èsì tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde ní 2025, àwọn tó gba 300 sókè kò ju bíi 12,000 lọ nínú àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Bí èké kan bá ti wọ inú ìwọ̀nba yìí, olóòótọ́ kan ti jáde. Ọmọ télọ̀ ní Ìsẹ́yìn tó fi tọ́ọ̀ṣì kàwé títí tí bátìrì fi kú ló jáde. Àyè tirẹ̀ ni wọ́n rà. Tí mo bá wọ ilé yín gbé ẹ̀rọ amúnáwá lọ, olè lẹ ó pè mí. Kí ló dé tí ẹni tó jí ọjọ́ iwájú ọmọ aláìní gbé fi ń jẹ́ "mọ́mì dókítà"?

Ìdọ̀tí yìí kì í sì í dúró sára ẹni tó dá a. Ní 2023, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Ọba kéde pé èsì tó ń jáde láti ibùdó ìdánwò kan n'Ìbàdàn kò ṣeé gbà gbọ́ mọ́. Àwọn tó ṣe màgòmágó nìkan kọ́ ló fara gbá a. Wọ́n ní kí àwọn tó ṣe ìdánwò níbẹ̀ lọ tún un ṣe, àti ẹni tó fi òógùn ojú kàwé, àti ẹni tó sanwó. Nọ́ọ̀sì tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ wá ń fẹ̀rí hàn pé òun kì í ṣe olè. 

Kí wá ni òbí tó fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ lè ṣe? Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí èyí tó nílò agbódegbà. Kí ọmọ tó wọ SS1 ni kí ẹ bi í bóyá òun gan-an ló fẹ́ ṣe dókítà. Ẹ mú un lọ bá dókítà tẹ́ ẹ mọ̀, kí ó bi í ní ìbéèrè tó wù ú, kí ẹ̀yin dákẹ́. Ẹ rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN rẹ̀ bá ti ilé-ìwé mu kó tó fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí JAMB, nítorí lẹ́tà kan tó yàtọ̀ lè dá ọmọ dúró. Ẹ ka ìlànà ẹ̀kọ́ tí JAMB gbé jáde pẹ̀lú rẹ̀, orí kan lẹ́yìn orí kan. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà. Ọmọ tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló mọ̀, ẹ san owó káfẹ̀ fún un kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ bọ́tìnì. Ẹ mọ ìpínlẹ̀ tí ilé-ìwé tó ń fẹ́ kà sí tirẹ̀, torí àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àyè tiwọn nínú gbígbani wọlé.

Nínú ilé gan-an, ẹ wo ẹni tó ń fọ abọ́. Mo ti rí ilé tí ọmọkùnrin ti ń kàwé nínú yàrá tó ní fáànù, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tóun náà fẹ́ ṣe JAMB, ń ro ẹ̀bà fún gbogbo ilé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Òbí bẹ́ẹ̀ kò nílò agbódegbà kankan. Kí ó gba omorogùn lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Kí ọmọ sùn. Kí ẹ má fi ọmọ àǹtí rẹ̀ wé e.

Èyí tó le jù ni sùúrù. Ọmọ ọdún 16 tí kò rọ́nà wọlé lọ́dún yìí kò pàdánù nǹkan kan. Bó bá wọlé ní ọmọ ọdún 18, yóò ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ dókítà. Bó bá sì ṣe é títí tí kò bọ́ sí i, apòògùn òyìnbó, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní láàbù, gbogbo wọn ló ń gba ẹ̀mí là. Ìtìjú kò sí níbẹ̀ àfi èyí tí òbí bá gbé wá láti ibi ayẹyẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ rántí irú dókítà tí a nílò. Ní oṣù Keje 2014, arákùnrin kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó kàwé ní Yunifásítì Èkó, kọ̀ láti jẹ́ kó kúrò ní ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ láti Làìbéríà fúngun mọ́ ọn pé kó fi í sílẹ̀. Àrùn náà pa dókítà yìí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn mẹ́jọ péré ni àrùn náà pa ní gbogbo Nàìjíríà, nígbà tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tan dé ṣáájú. Dókítà tó lè sọ pé rárá fún ẹni tó ju ú lọ ló gbà wá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ láti kékeré pé kò sí ilẹ̀kùn tí owó ò lè ṣí, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ tí irú àwọn alágbára bẹ́ẹ̀ bá dúró síwájú rẹ̀?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè rèé. Èsì ọmọ tí wọ́n bá fagi lé, kí ìwádìí má parí síbẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ẹni tó sanwó àti ẹni tó gbà á. Kí àwọn méjèèjì dé kóòtù, kí orúkọ wọn jáde. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó bá sọ òtítọ́, kí wọ́n fún un láyè lọ́dún tó ń bọ̀ kó wá ṣe tirẹ̀. Kí pásítọ̀ àti àfáà tó ń gba ìdúpẹ́ fún máàkì gíga kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọmọ ti ṣe ìdánwò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti kawó fún agbódegbà, ẹ lọ gbà á padà. Bí kò bá dá a padà, ẹ fi jìn ín, ẹ padà wálé, kí ẹ sọ fún ọmọ yín pé ẹ̀yin lẹ ṣi í, òun kọ́, pé ó lè dá a ṣe.