Yìnyín Nìkan Kọ́ Ló Wà Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè má dùn létí àwọn kan. Òótọ́ korò bí ewúro lóòótọ́, àmọ́ ewúro náà la fi ń se ọbẹ̀.

Àwa tí a lọ kàwé ní Yúróòpù ń purọ́ fún yín. A kì í fi ẹnu pa á, àwòrán la fi ń pa á. Ọmọ dé Lọ́ńdọ̀nù lánàá, lónìí ó ti gbé fọ́tò sórí WhatsApp: kóòtù ńlá lọ́rùn, yìnyín lẹ́yìn, ẹ̀rín lẹ́nu, "Olúwa, o ṣé o." Ó dára, a bá a yọ̀. Ta ló wá ń gbé fọ́tò ilé àwọn arúgbó síbẹ̀, níbi tó ti ń pààrọ̀ ìlédìí fún wọn láago mẹ́ta òru? Ta ló ń ya kíláàsì aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó ti ń sùn?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni mo wọ ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún másítà ọdún kan, kí n tó padà sínú ọgbà yìí. Mo rí ohun tó dára níbẹ̀, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Láíbìrì tí kì í ti ilẹ̀kùn lóru, iná tí kì í lọ, olùkọ́ tó o lè sọ fún pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé ọ, tí kò sì ní bínú. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ní ọdún kan ni, ọdún kan náà ni. Àwa tí ìyanṣẹ́lódì ASUU fi oṣù mẹ́jọ dá jókòó sílé ní ọdún 2022, a mọ iyì ìyẹn. Nítorí náà, ẹ má gbọ́ ọ pé mo ní kẹ́nikẹ́ni má jápa. Ẹni tó bá rí ọ̀nà, kó lọ. Àmọ́ kó mọ iye tí ọ̀nà náà máa ná an kó tó gbẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ìwọ ṣáà san ìdajì owó ilé-ìwé, wàá ṣiṣẹ́ san ìyókù." Haba! Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iṣẹ́ tó kéré jù fún ẹni ọdún 21 sókè di pọ́n-ùn 11.44 ní wákàtí kan. Wákàtí 20 kò tó pọ́n-ùn 229. Tó o bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 52, láìjẹun, láìsanwó yàrá, láìwọ bọ́ọ̀sì, kò tó 12,000. Owó ilé-ìwé tèmi nìkan lé ní 14,000! Owó iṣẹ́ ti gòkè díẹ̀ látìgbà náà, àmọ́ owó yàrá àti oúnjẹ náà ò jókòó. Ibo ni ìyókù ti fẹ́ wá? Ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí tí òfin là sílẹ̀, físà rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ti náírà tún wà níbẹ̀. Kó tó já ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tó di ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Bàbá tó rò pé ilẹ̀ kan lòun máa tà, ó di mẹ́ta mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́dún 2024 náà ni ìròyìn kàn pé yunifásítì kan níbẹ̀ yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kúrò nínú ìwé torí owó tí wọn ò rí san, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ṣé ẹ rò pé àwọn yẹn náà ò ya fọ́tò yìnyín ni?

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fún mi. Wọ́n á ní, "Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kí n sọ fún un pé n ò jẹun lánàá ni?" Rárá o. Ohun tó o fi pamọ́ fún ìyá rẹ kó lè rí oorun sùn, ìfẹ́ ni. Àmọ́ àbúrò rẹ nínú ọgbà yìí tó bi ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe rí lọ́hùn-ún?" tó o wá dá a lóhùn pé, "Ọlọ́run ń ṣe é, ṣáà máa bọ̀," ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni bàbá rẹ̀ máa gbọ́ tó fi máa wá ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Àwọn mìíràn á ní, táwọn bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ìlara ló ń ṣe àwọn, pé àwọn ti gòkè tán, àwọn fẹ́ yọ àkàbà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n pè ọ́ ní onílara sàn ju kí ọmọ ọlọ́mọ há sókè òkun lọ.

Ìyà ilẹ̀ òkèèrè ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ West African Students' Union sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní WASU. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ kì í gba adúláwọ̀ sílé. Ṣé wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ni? Wọ́n pariwo rẹ̀. Lọ́dún 1929, Ṣólàńkẹ́ wọkọ̀ padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń ti ìlú dé ìlú, ó ń gba owó jọ. Lọ́dún 1933, wọ́n ṣí ilé tiwọn fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden. Òótọ́ tí wọ́n sọ ló di òrùlé. Àwa tí a ní fóònù lọ́wọ́ ńkọ́? Kí ni fọ́tò wa ti kọ́?

Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀. Kí ìwé ẹgbẹ́ wa yìí ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Kì í ṣe fún ewì ìgbà òtútù o, a ti rí ìyẹn tó. Kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́rin péré. Èló lo san kó o tó wọ bàálù? Wákàtí mélòó lò ń sùn lóru? Àwọn tó parí ṣáájú rẹ, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Tó bá jẹ́ àbúrò rẹ gan-an ló fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ ìdílé yín, ṣé wàá ní kí wọ́n tà á?

Ẹni tójú bá ń tì, kó má kọ orúkọ sí i. Kó ṣáà kọ iye.