Ta Ló Sọ Ilẹ̀ Ẹlòmíràn Di Ààtàn?

KOKO jẹ́ ìlú kékeré kan tó ní èbúté, ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bendel nígbà kan rí, àmọ́ tó ti di Ìpínlẹ̀ Delta báyìí, lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó ọ̀pọ̀ àgbá wá síbẹ̀ láti Ítálì. Ọkùnrin kan nílùú náà gbà kí wọ́n tò wọ́n sí àgbàlá òun, nǹkan bíi 100 owó dọ́là ni wọ́n sì ń san fún un lóṣù. Nígbà tí àṣírí náà fi máa tú ní June 1988, àgbá tó wà níbẹ̀ ti tó nǹkan bí 8,000. Pàǹtírí olóró ló kún inú wọn, títí kan kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PCB, àwọn kan sì ti ń jò.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì wà lára àwọn tó ta àwọn ará ilé lólobó. Ìjọba Nàìjíríà pe ikọ̀ rẹ̀ tó wà ní Ítálì padà wálé, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ òkun Ítálì kan. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti ṣe òfin tó sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ẹni tó bá kó irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀ wọ̀lú máa fi jura. Ítálì gbà láti kó ẹrù náà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Karin B, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ tó kó o, ń wá èbúté tí yóò gúnlẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Yúróòpù, títí kan Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, kò gbà á láyè. Ẹrù tí wọn kò fẹ́ kó sinmi sí èbúté wọn yìí kan náà ló ti wà nítòsí ilé àwọn ènìyàn ní Koko fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di ààtàn? Ó yẹ ká gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò, torí pé ọ̀ràn náà kò tíì di ohun àtijọ́.

Kí Nìdí Tí Ẹ̀gbin Fi Ń Rìnrìn Àjò?

Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ti ń ṣe òfin tó túbọ̀ le nípa ohun tó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe sí pàǹtírí wọn. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ bí òfin náà ṣe ń le sí i ni owó tí wọ́n ń ná sórí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Lákòókò kan náà, ó wá rọrùn láti kó ẹrù gba orí òkun, owó rẹ̀ kò sì wọ́n mọ́. Ayé di ọjà kan ṣoṣo. Nínú ọjà náà, ibi tí owó wà ni ẹrù tó dára ń lọ, ibi tí owó kò sí ni ẹ̀gbin sì ń forí lé.

Bí àpẹẹrẹ, lọ́dún 1986, ọkọ̀ òkun Khian Sea gbéra láti ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú nǹkan bí 14,000 tọ́ọ̀nù eérú pàǹtírí tí wọ́n ti sun. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló lé e. Ní January 1988, wọ́n da nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù lára rẹ̀ sí etíkun ìlú Gonaïves, ní Haiti. Orúkọ wo ni wọ́n pè é? Ajílẹ̀! Ìgbà tó yá, wọ́n yí orúkọ ọkọ̀ náà padà, inú òkun sì ni eérú tó ṣẹ́ kù bá lọ. Ọdún 2000 ni wọ́n tó kó èyí tó wà ní Haiti kúrò níbẹ̀.

Ní December 1991, Lawrence Summers, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nínú àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Báńkì Àgbáyé nígbà yẹn, fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì náà. Ìwé náà sọ pé téèyàn bá fojú ìṣirò owó nìkan wò ó, ó mọ́gbọ́n dání láti kó pàǹtírí olóró lọ síbi tí owó ọ̀yà ti kéré jù lọ. Nígbà táwọn ènìyàn gbọ́ sí i tí inú sì bí wọn, ó ṣàlàyé pé kì í ṣe ohun tí àwọn ní lọ́kàn ní ti gidi nìyẹn, pé ẹ̀dà ọ̀rọ̀ lásán ni. Bó ti wù kó rí, àwọn oníṣòwò kan ti ń ṣe irú ìṣirò yẹn tipẹ́tipẹ́ láìkọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun Tí Òfin Ti Ṣe

Ní March 1989, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí àdéhùn kan nílùú Basel, ní Switzerland, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1992. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó pàǹtírí eléwu ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè míì láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè náà ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lónìí, orílẹ̀-èdè tó ti wọnú àdéhùn náà ju 185 lọ. Amẹ́ríkà buwọ́ lù ú lọ́dún 1990, àmọ́ títí di báyìí, kò tíì fi òfin gbé e lẹ́sẹ̀ nílé.

Lójú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, àdéhùn yẹn kò tó. Kò ṣòro láti mú kí ẹni tí owó ń pọ́n lójú fọwọ́ síwèé. Torí náà, ní January 1991, wọ́n ṣe àdéhùn tiwọn nílùú Bamako, ní Mali, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó pàǹtírí eléwu wọ Áfíríkà rárá. Nígbà tó di ọdún 1995, àwọn tó wà nínú àdéhùn Basel pẹ̀lú gbà pé kí àwọn ọlọ́rọ̀ má ṣe kó irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò rí já jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n December 2019 ni ìpinnu náà tó di òfin. Ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko!

Orúkọ Tí Wọ́n Bá Pè É Ni Yóò Máa Jẹ́

Ibì kan wà tí òfin ti kù díẹ̀ káàtó: orúkọ tí wọ́n kọ sára ìwé ẹrù ló máa ń tẹ̀ lé. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Abidjan, ní Côte d’Ivoire. Ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì ló ni ọkọ̀ òkun Probo Koala, àsíá ilẹ̀ Panama ló ń ta, ilé iṣẹ́ Trafigura tó ń ta epo sì ló háyà rẹ̀. Lọ́dún 2006, wọ́n gbé ìdọ̀tí inú rẹ̀ wá sí Amsterdam bíi pé omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀ lásán ni. Nígbà táwọn tó fẹ́ bá wọn palẹ̀ rẹ̀ mọ́ rí bó ṣe ń rùn, wọ́n fowó lé iye tí wọ́n máa gbà. Ni wọ́n bá fà á padà sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà gba Èkó kọjá, ní August, ó dé Abidjan. Ilé iṣẹ́ kan tí kò ní irinṣẹ́ tó yẹ gbà á lówó pọ́ọ́kú, ó sì dà á káàkiri ìlú. Ó ju 100,000 ènìyàn lọ tó wá ìtọ́jú ìṣègùn, ìjọba ibẹ̀ sì sọ pé ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tó kú. Trafigura ní ìdọ̀tí náà kò lè fa irú jàǹbá bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2007, ó san nǹkan bíi mílíọ̀nù 198 owó dọ́là fún ìjọba ibẹ̀, àmọ́ kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Lóde òní, orúkọ tí wọ́n sábà máa ń pe ẹ̀gbin ni tòkunbọ̀. Lọ́dún 2022, kárí ayé, àwọn ohun èlò abánáṣiṣẹ́ tó di pàǹtírí jẹ́ mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù. Kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n tún lò lọ́nà tó bófin mu. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn èbúté Èkó lọ́dún 2015 sí 2016 fi hàn pé ó lé ní 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò àlòkù tó ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún, inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù sí. Ó kéré tán, nínú 100, nǹkan bíi 19 ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ rárá.

A kò bẹnu àtẹ́ lu tòkunbọ̀ o. Òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìdílé ní fíríìjì àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń tún nǹkan ṣe ní Alaba sì ń jí ẹ̀rọ tó ti kú dìde. Èyí tí kò ṣeé jí mọ́ ló ń bani lọ́kàn jẹ́. Wọ́n á sun wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà yọ, èéfín rẹ̀ á wọ ìmú ẹni tó ń sun ún, òjé inú rẹ̀ á sì wọ ilẹ̀ táwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀.

Ṣé Kíkọ̀ Nìkan Tó?

Àwọn kan ti kọ̀, ó sì ti sèso. Lọ́dún 2018, China ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ pàǹtírí ike láti òkèèrè. Lọ́dún 2019, Philippines dá kọ̀nténà 69 padà sí Kánádà. Láti January 2025 sì ni òfin tí Gánà àti Switzerland jọ dábàá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́: gbogbo pàǹtírí ohun èlò abánáṣiṣẹ́, ì báà léwu tàbí kò léwu, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó kúrò nílé.

Àmọ́ nígbà tí China ti ilẹ̀kùn, ẹ̀gbin náà kò dín kù. Ó yà sí Malaysia, Thailand, Vietnam àti Tọ́kì, bí ọkọ̀ tó gba Èkó kọjá ṣe lọ da tirẹ̀ sí Abidjan. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Tó bá jẹ́ pé èbúté tó ń gbà á nìkan ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí ojú kò bá ti mú ni yóò máa gbà wọlé. Èbúté tó ti gbéra ló yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tó jèrè ohun èlò náà nígbà tó wà lọ́tun sì gbọ́ bùkátà rẹ̀ nígbà tó bá kú.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ń gbé lókè òkun wà lára àwọn tó ń kó tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ wá sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kì í bọ iná. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí òfin ti lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n sì fẹ́ háyà àgbàlá yín, ẹ rántí Koko. Kí ẹ tó gba owó oṣù àkọ́kọ́, ẹ béèrè ohun tó wà nínú àgbá.