Pé Ara Igi Ló Ti Wá Kò Tó

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán ní kíláàsì wa. Àwọn kan ní ìdọ̀tí lásán ni àgbo. Àwọn kan ní àgbo ò lè pa ẹnikẹ́ni lára, torí pé ara igi àti ewé ló ti wá. Lójú tèmi, apá méjèèjì ò tíì béèrè ohun tó yẹ: kí ló wà nínú èèpo igi yẹn gan-an, ìwọ̀n wo ló sì yẹ kéèyàn mu?

Ẹ wo igi kan ní Ṣáínà. Xi shu ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "igi ayọ̀". Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ṣe oògùn ìbílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí igi yìí dé ọwọ́ Monroe Wall àti Mansukh Wani, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Amẹ́ríkà, wọn ò pè é ní ìdọ̀tí, wọn ò sì kàn gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa oje inú igi àti èèpo rẹ̀ jáde, wọ́n pín in sí oríṣiríṣi, wọ́n sì ń dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò lára eku tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ò ṣiṣẹ́, wọ́n gbé e tì. Èyí tó ṣiṣẹ́, wọ́n tún un pín, títí ó fi ku ẹyọ èròjà kan ṣoṣo. Ní 1966 ni wọ́n kéde rẹ̀. Camptothecin lorúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní nǹkan ara igi kì í pani lára, ẹ gbọ́ o. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn aláìsàn ní èròjà yìí, ó dá ìgbẹ́ gbuuru sí wọn lára, àwọn kan ń tọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní láti dáwọ́ dúró. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ tún un ṣe ló tó di ohun tó ṣeé lò. Ní 1996, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí méjì tó jáde láti ara rẹ̀: topotecan fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin, irinotecan fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ọdún 30 gbáko! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pe àgbo ní ìdọ̀tí náà, ṣé ẹ rí ibi tí oògùn dókítà ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn bàbá wa ò ní làbù, wọ́n sì gbó. Òótọ́ ni. Àmọ́ àgbà tó mọ egbò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tí àwa ń rà ní gáréèjì, tá à ń mu bí omi nígbà ìdánwò, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ẹ̀yin tíṣà kẹ́mísìrì wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ separation techniques tá à ń kọ sínú ìwé, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe é. Ewé, sípíríìtì díẹ̀ àti bébà asẹ́ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kò ní di oògùn, ṣùgbọ́n a ó fojú wa rí i pé ewé kan ṣoṣo kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá gbé àgbo fún ẹ, bi í pé: kí ló wà níbẹ̀, ìwọ̀n wo ni kí n mu? Bí ò bá mọ̀, gbé ife sílẹ̀.