Òyà Òyìnbó Ni, Kì í Ṣe Ehoro: Èrò lórí Ìperí àti Ìtọ́jú Ẹran Ilé

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí òwe yìí pa láṣẹ fún òbí ni ó pa láṣẹ fún ẹni tí ń ṣẹ̀dá ìperí pẹ̀lú: kí ó wo ìdílé ohun tí ó fẹ́ sọ lórúkọ, kí ó wo ìwà rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, kí ó tó ya ẹnu. Ẹranko kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí gidigidi. Òun ni ẹranko kékeré onírun, aláìnírù, tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní Cavia porcellus, tí àwọn ọmọdé ń sìn nínú ilé, tí àwọn aṣèwádìí sì ń lò ní yàrá àyẹ̀wò.

Àwọn èdè Yúróòpù kò sọ ọ́ lórúkọ tí ó bá a mu. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní ẹlẹ́dẹ̀ Gínì, Faransé pè é ní ẹlẹ́dẹ̀ Íńdíà, èdè Jámánì sì pè é ní ẹlẹ́dẹ̀ kékeré ti òkun. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò ti Gínì wá, kò ti Íńdíà wá, kò sì mọ òkun. Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sọ ọ́ di ẹran ilé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ títí di òní. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ "ẹlẹ́dẹ̀ Gínì" sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé, àṣìṣe ẹlòmíràn ni ó rù wọlé.

Àṣìṣe kejì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ni pípe ẹranko yìí ní ehoro kékeré. Bí bàbá kan ní Magboro, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bá ra ehoro méjì àti ẹranko yìí méjì fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó sì gbà pé ehoro ni gbogbo wọn, oúnjẹ ehoro inú àpò ni yóò máa fún wọn. Ehoro yóò máa sanra. Ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oríkèé àwọn méjì yòókù yóò wú, ìrìn yóò di ìṣòro fún wọn, irun wọn yóò gbó, erìgì wọn lè máa ṣẹ̀jẹ̀, wọn kò sì ní fẹ́ jẹun mọ́. Onílé lè wí pé ọwọ́ aráyé ni. Kò sí ọwọ́ aráyé níbẹ̀. Ara ehoro ń ṣe fítámì C fúnra rẹ̀. Ara ẹranko yìí kò lè ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ara ènìyàn náà kò ti lè ṣe é. Lójoojúmọ́, ó nílò nǹkan bíi mílígírámù 10 fún kílógírámù kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Aboyún lè nílò tó 30. Oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ehoro kò ní in ní ìwọ̀n yìí. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹranko yìí gan-an, bí ó bá pẹ́ nínú ooru, agbára fítámì náà yóò dínkù. Tàtàṣé, gúáfà àti ewé tútù ni ó yẹ kí wọ́n fi kún koríko rẹ̀.

Ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 1907, Axel Holst àti Theodor Frølich ní ilẹ̀ Norway fi ọkà nìkan bọ́ àwọn ẹranko yìí, àrùn tí ń pa àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ sì mú wọn. Ní 1932, àwọn ni Albert Szent-Györgyi àti J. L. Svirbely fi dá fítámì C mọ̀. Ìbá ṣe pé eku lásán ni wọ́n lò, wọn kì bá tí rí nǹkan kan, nítorí pé eku a máa ṣe tirẹ̀.

Kí ni kí á wá máa pè é? "Òyà òyìnbó" ni ó tọ́ jù. Ehoro kò sí nínú ìdílé eku rárá. Òyà àti òòrẹ̀ ni ó bá ẹranko yìí wà ní ẹ̀ka ìdílé kan náà. Koríko ni òyà ń jẹ, koríko ni òun náà ń jẹ, òun ni ó sì ń bá a yọ́ eyín rẹ̀ tí kì í dẹ́kun híhù. Ọmọ òyà a máa bí pẹ̀lú irun àti ojú lílà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tirẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá gbọ́ "òyà" yóò wá koríko lọ, èyí tí kò wọ́n ní Magboro, Ibafo àti Mowe, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ti etí títì tí èéfín ọkọ̀ ti bà jẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé orúkọ kò ju orúkọ lọ: Yorùbá ń pe èso kan ní ọ̀pẹ òyìnbó, kò sì sí ẹni tí ó gbé igbá lọ dá ẹmu nídìí rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú rí ọ̀pẹ òyìnbó. Ojú kò rí fítámì. Níbi tí ojú kò bá dé, orúkọ ni ènìyàn ń tẹ̀ lé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àrùn náà. Bí wọ́n bá pè é ní "àrùn erìgì", onílé yóò máa wo ẹnu nígbà tí ó jẹ́ pé orúnkún ni ó ń dun ẹran. "Àrùn àìtó fítámì C" sọ ohun tí ó fà á, ó sì sọ ìwòsàn rẹ̀.

Ìperí kẹta ni "kòkòrò àrùn", tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń pe gbogbo ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí. Ẹni tí ó kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé pípa ni gbogbo wọn yẹ fún. Yóò tú ampicillin sínú omi ẹran tí ara rẹ̀ kò yá. Oògùn ìdílé pẹnisílínì yìí lè pa òyà òyìnbó láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé ó ń pa àwọn tí ń bá a da oúnjẹ nínú ìfun, àwọn búburú tí ó ṣẹ́ kù yóò sì gbilẹ̀, wọn yóò máa tu májèlé. Kí "kòkòrò àìfojúrí" jẹ́ orúkọ gbogbo wọn. Kí "kòkòrò àrùn" jẹ́ ti àwọn aṣebi nìkan. Kí onílé sì gbé ẹran tí ń ṣàìsàn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko.

Láti 1970 ni ètò Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn olùṣèwé atúmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni kí wọ́n má fi orúkọ nìkan sílẹ̀ láìfi ìmọ̀ tì í. Fún àpẹẹrẹ: "òyà òyìnbó: ẹran ilé kékeré láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ìbátan òyà, koríko ni olórí oúnjẹ rẹ̀, ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámì C." Ìlà méjì péré ni, ó sì tó láti gba ẹ̀mí ẹran ọmọdé là.